Ọkọ Mi Tó Ń Bá Ṣọ́ọ̀bù Wá Orúkọ

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ̀n, mo rò pé ebi ni. Ó ń kọ pátákó fún alágbàfọ̀ kan, ó ti dé orí lẹ́tà kẹta, mo sì rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wá jẹun, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jẹun yó, ó mu omi, ó padà sórí àpótí. Ọwọ́ náà tún gbọ̀n. Ó wò mí, mo wò ó, mo sì gbé àwo kúrò nílẹ̀ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbòmíràn. Láti ọjọ́ náà títí di ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọdún mẹ́ta gbáko ni, a ò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn rí.

Kì í ṣe pé n ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo rí oògùn nínú agolo tó ń kó búrọ́ọ̀ṣì sí, oníhóró funfun, pẹ̀lú ìwé dókítà tó ká pélébé sábẹ́ rẹ̀. Mo ka ìwé náà. Dókítà ní àìsàn ọ̀hún kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n kò ní lọ mọ́, ńṣe ni yóò máa le sí i. Mo ká ìwé náà padà bí mo ṣe bá a, mo dá agolo padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ohun tí mo wá mú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́ kí ẹ tó máa káàánú rẹ̀, torí kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti káàánú. Pátákó ló ń kọ, èyí tí wọ́n ń kàn síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é lábẹ́ àtíbàbà páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà, láàárín wẹ́dà tó ń jó irin àti onífíríìjì tó ń tún fíríìjì ṣe. Tí a bá jọ ń rìn lójú títì, kì í rí èèyàn, pátákó ló ń kà. Yóò dúró lójijì, yóò ní, "Wo lẹ́tà yìí. Ìkánjú ni ẹni tó kọ ọ́ ń kán." Mo ti pẹ́ dé ibi púpọ̀ nítorí àṣà yìí. Tí ẹnì kan bá sì mú orúkọ tí kò dáa wá pé kó bá òun kọ ọ́, kò ní kọ ọ́. Yóò ní kí ẹni náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Onífíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀. Orúkọ tó gbé wá gùn ju iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ: Ògo Gbogbo Ayé, Ilé-Iṣẹ́ Àtúnṣe Káríayé. Ọkọ mi bi í pé, "Ògo gbogbo ayé, ìwọ àti ta ni?" Ó fún un ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kó kọ ogún ọ̀rọ̀ sára ògiri, ohunkóhun tó bá ti wá sí i lọ́kàn nípa iṣẹ́ rẹ̀, kó má dúró rò ó, kó sì kọ èyí tó burú mọ́ ọn, torí tí kò bá jáde, yóò máa dí ọ̀nà ni. Ọkùnrin náà ń làágùn. Yìnyín. Wáyà. Ẹran tó bà jẹ́. Ariwo. Omi tútù. Ìyàwó mi ń bínú. Nígbà tó parí, ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ nu gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ mìíràn náà lè lò kúrò. Ó ku mẹ́rin. Ó ní kó máa so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, kó bọ́ sójú títì, kó pè é sókè bí ẹni tó ń pe èèyàn tó wà lódìkejì. Èyí tí ahọ́n bá kọsẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e jù nù. Èyí tí èèyàn bá yíjú wò, kí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ó ṣe di "Òtútù Dé" nìyẹn, òun ló sì wà lórí pátákó rẹ̀ títí dòní.

Alágbàfọ̀ jẹ́ "Ó Dà Bí Tuntun." Ṣùmékà tó wà ní ìkóríta jẹ́ "Ẹsẹ̀ Rọ̀." Gbogbo wọn ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, gbogbo wọn ló bínú, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sunkún. Tí ó bá sì ti rí orúkọ, ọkọ mi á ní kí wọ́n máa lọ sílé láìkọ ọ́ sínú ìwé kankan. Tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ náà ò dáa nìyẹn.

Ọgbọ́n kan wà tó máa ń fi sí ìkẹyìn, nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti kọ̀. Yóò ní, "Orúkọ tí o ń wá kiri yìí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́. Lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ọ́." Ṣùgbọ́n ẹni náà kọ́ ni yóò lọ bèèrè o. Àlejò tí wọn ò mọ̀ ládùúgbò ni wọ́n máa rán, kó dà bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà. Ó ní tí èèyàn bá bèèrè fúnra rẹ̀, wọ́n á pọ́n ọn lé, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀nà, òótọ́ ni wọ́n máa sọ fún un kó má baà ṣìnà. Onídìrí tó wà níwájú wa fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dún bí ààfin ọbabìnrin. Nígbà tí wọ́n rán èèyàn lọ bèèrè, gbogbo àdúgbò ní, "Ṣé onídìrí tó máa ń kọrin yẹn?" Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kọ "Onídìrí Olórin."

Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe nìyẹn, títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó ní ọ̀pá kan tó fi aṣọ wé lórí, èyí tó máa ń gbé ọwọ́ lé kí búrọ́ọ̀ṣì má baà yẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló fi ń bo àṣírí. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó débi pé igi rẹ̀ ń dún. Síbẹ̀, etí lẹ́tà ń rí wúruwùru. Tí ó bá lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn àtíbàbà, èmi á yára mú àkísà, màá tì í bọ kẹrosíìnì, màá wé e mọ́ èékánná, màá sì fi nu etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gún. Mi ò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ nídìí rẹ̀. Tó bá bá mi níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Tó bá padà dé, màá ti jókòó sí àyè mi, màá máa ṣa ẹ̀wà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣa ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, ilé wa ò sì fẹ́ràn ẹ̀wà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníbàárà wa náà sì ń bí mi nínú lákòókò yẹn. Bí ọkọ mi bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì báyìí, ńṣe ni wọ́n á kọ̀yìn sí i. Onífíríìjì á dédé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú títì bí ẹni tó ń ka mọ́tò. Onídìrí á ki orí bọ inú báàgì rẹ̀, á máa wá ohun tí kò sọnù. Mo máa ń sọ nínú mi pé àwọn aláìmoore gbáà nìyí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín ni ẹ ń kọ̀yìn sí.

Nígbà tó yá, ìwé dé pé ká kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá tó ni ilẹ̀ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òfin, ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ sẹ́yìn àtíbàbà wa, ó fún wa ní ọ̀kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò ṣí wọn. Ó ti kan pátákó funfun sókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dọ́gba, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tú u. Ó dúró níwájú wa, ó ka òfin rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́.

Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní orúkọ lórí ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, mo máa gbà á padà. Èèyàn mọ́kànlá ló ń dúró lẹ́yìn. Àtíbàbà yìí sì ń wó lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e." Ó wá rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi. "Tiyín ò tiẹ̀ lè jẹ́ ìṣòro, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yẹn."

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti kì í bọ àpò.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, a ò ní orúkọ. Ẹni tó ń fún ayé lórúkọ kò sọ ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Èyí tó wá kó jìnnìjìnnì bá mi ju orúkọ lọ ni ibi tí yóò ti kọ ọ́: lórí àkàbà, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ọjà, níbi tí mi ò ti lè gbé àkísà dé. Tí wọ́n bá rí ọwọ́ yẹn, iṣẹ́ parí. Kò sì ṣeé ṣe kó pe ẹlòmíràn. Ta ni yóò tún gbé pátákó wá fún akọpátákó tó pe akọpátákó mìíràn sí tirẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ó fún ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì. Mo ń gbálẹ̀, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ògiri. Ó kọ: Gbọọrọ. Tààrà. Ó Gún. Kò Yẹ̀. Ọwọ́ Tó Dájú. Nígbà tí mo rí èyí tó kẹ́yìn, mo dá ìgbálẹ̀ dúró. Ogún ọ̀rọ̀ ló kọ, kò sí ọ̀kan tí kì í ṣe ohun tí ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró wò wọ́n títí, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu gbogbo wọn pátá.

Ní ọjọ́ kejì ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe "Ọwọ́ Dájú!" sókè. Ohùn rẹ̀ já sí méjì. Adìẹ aládùúgbò nìkan ló yíjú wò ó. Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, à bá jọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi dùn wá. Ó wọlé, ó jókòó, kò jẹun. Ní Ọjọ́rú, ó so ọ̀rọ̀ pọ̀ ní méjì-méjì títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo sì bi í ní èyí tó rántí nínú wọn, ó ní kò sí.

Mo ní, "Ó ku ọ̀kan tí ẹ ò tíì ṣe."

"Èwo?"

"Kí wọ́n lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ìka rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè wá. Onípátákó ni wọ́n ń pè wá. Ìyá wọn, jẹ́ kí n sinmi."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀rù tó ń bà mí náà ló ń bà á.

Àbúrò mi obìnrin ti ìlú mìíràn dé ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo mú àbúrò mi lọ sí ojú títì, mo ní kó máa bèèrè pé níbo ni wọ́n ti ń kọ pátákó níbí. Èmi fi gèlè bo ojú, mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kan tó bà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí.

Onídìrí ń fọ kóòmù. Ó ní, "Pátákó? Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọwọ́-Gbígbọ̀n lò ń lọ nìyẹn."

Mo di ara ọkọ̀ náà mú.

Àbúrò mi, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, bi í pé, "Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ló ń kọ pátákó fún yín?"

Onídìrí fi kóòmù sílẹ̀. Ó ní, "Gbọ́, ṣé ò ń gbọ́? Wọ́n máa pẹ́, dúró dè wọ́n. Tí wọ́n bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì, má wo ọwọ́ wọn o. Yíjú síbòmíràn, wá nǹkan wò. Wọn ò fẹ́ ká rí i. Tí ìyàwó wọn bá sì wá ń fi àkísà tún un ṣe, ìyẹn náà, o ò rí i. Orúkọ tí wọ́n bá fún ẹ, gbà á. Kò sẹ́ni tó tún lè fún ẹ ní irú ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí."

Àbúrò mi bi ṣùmékà, ó bi alágbàfọ̀, ó bi onífíríìjì. Bàbá Ọwọ́-Gbígbọ̀n, Bàbá Ọwọ́-Gbígbọ̀n, Bàbá Ọwọ́-Gbígbọ̀n. Gbogbo wọn ló sì fi kún un pé: má wo ọwọ́ wọn o. Onífíríìjì tiẹ̀ ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa wo ojú títì. Ojú tì mí, omi ń bọ́ lójú mi lábẹ́ gèlè. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pè wọ́n ní aláìmoore.

Àmọ́ omijé yẹn ò lé ẹ̀rù lọ, ó tún dá kún un ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí fún un? Ohun tó fi ọ̀pá bò, tó fi àpò bò, tó fi oògùn bò nínú agolo, pé gbogbo àdúgbò ti fi ṣe orúkọ fún un? Mi ò sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbé oúnjẹ alẹ́ tì láìfọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ó gbé àkàbà síwájú ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ó ti fi okùn oníṣọ́ọ̀kì pa ìlà méjì sára pátákó funfun náà, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ṣọ́ọ̀bù méje ìyókù ti ní orúkọ, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ orúkọ tó ti fún wọn tẹ́lẹ̀, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fúnra wọn dà kọ sórí pátákó funfun. Ó jókòó sórí agolo ọ̀dà, ó ń wo ìlà méjì yẹn.

Ó ní, "Àbúrò rẹ lọ bèèrè, àbí?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. O ò jẹun lánàá." Kò wo ojú mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo fẹ́ purọ́. Ẹnu mi ti là fún irọ́ náà. Mo wá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti jáde nínú àpò, ó gbé e lé orúnkún, ó ń gbọ̀n lójú mi, kò sì fi nǹkan kan bò ó. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ orúkọ náà, mo sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àlejò pé kó má wo ọwọ́, mo sọ ti àkísà mi pẹ̀lú.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Mo rò pé ó máa dìde, kó gbé àkàbà, ká máa lọ sílé, kí Ìyá Òfin wá gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Ti àkísà yẹn, mo mọ̀. Mo máa ń pẹ́ nídìí omi kí o lè ráyè."

Ó dìde. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dúdú, ó gun àkàbà lọ. Ọ̀pá rẹ̀ wà nílẹ̀, kò mú un. Mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àkísà wà ní èjìká mi.

Àwọn èèyàn jáde. Onídìrí jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ṣùmékà jáde, onífíríìjì jáde. Ìyá Òfin náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n ṣe rí i tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, olúkúlùkù yíjú padà. Onífíríìjì ń wo ojú títì. Onídìrí kò mú báàgì dání, ló bá ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni mo rí káàkiri.

Ọkọ mi wò wọ́n láti òkè. Ohùn rẹ̀ kò dún dáadáa. Ó ní, "Ẹ yíjú síbí."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Mo ní ẹ yíjú síbí. Orúkọ tí ẹ sọ mí ni mo fẹ́ kọ, ẹ wò ó bóyá mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Onídìrí ló kọ́kọ́ yíjú, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó gbé ọwọ́ náà sójú pátákó lójú gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rí wúruwùru bí etí aṣọ tó ya. Èkejì burú jù ú lọ. Ó ń kọ ọ́ lọ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń mí sókè, ìgbà méjì ni búrọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó wo ojú títì. Nígbà tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, ohun tó sì wà lókè ilẹ̀kùn wa ni ỌWỌ́ GBÍGBỌ̀N, lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé: A ń bá yín wá orúkọ.

Ó lọ sẹ́yìn láti fọ ọwọ́. Mo wo etí àwọn lẹ́tà náà, ọwọ́ mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wé àkísà mọ́ èékánná fúnra rẹ̀. Àkàbà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà ò tíì gbẹ, ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà mí.

Ó pè mí láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá wọn, má fọwọ́ kàn án."

Mo tú àkísà náà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, torí mo ti ka ìwé dókítà, mo sì mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀, ó lè má lè kọ èyí tó kọ lónìí. Mo jókòó sórí agolo ọ̀dà, mo sì dúró kó dé.